Ṣé Iṣẹ́ Work-Study Yẹ Akẹ́kọ̀ọ́? Àyẹ̀wò Láti Ìlọrin

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní work-study nínú ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nígboro Ìlọrin. Ilé-ìkàwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. Láti ìgbà tí mo ti jáde, kò sí sáà ẹ̀kọ́ kan tó ń wọlé tí àwọn àbúrò ilé àti ọmọ aládùúgbò kì í wá bi mí bóyá kí àwọn gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ tàbí kí àwọn jẹ́ kó lọ. Ìdáhùn mi kò tíì yí padà: iṣẹ́ náà dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi síbi tí ó ti lè rí nǹkan kọ́, tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ lásìkò. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, àsìkò tí ó yẹ kí ó fi kàwé ló ń fi ṣòfò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dé orí ìdáhùn yìí, nítorí pé mo ti rí dídára rẹ̀, mo sì ti rí ìyà inú rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ètò náà jẹ́, nítorí pé àwọn òbí kan rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ọmọ wọn ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà, bóyá ní ilé-ìkàwé, ní yàrá kọ̀ǹpútà, ní oko ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọ́fíìsì, iye wákàtí tí ó bá sì ṣe ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ètò náà ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1964, nígbà ìjọba Ààrẹ Lyndon Johnson, ni òfin tí wọ́n fi gbógun ti òṣì dá a sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ wọn lè máa bá ilé-ẹ̀kọ́ san owó iṣẹ́ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò rí já jẹ. Owó wákàtí kan kò gbọdọ̀ kéré sí iye tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi lélẹ̀, èyí tí ó jẹ́ dọ́là 7.25 láti ọdún 2009. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sí àkókò tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Mo mẹ́nu ba àwọn ìlànà yìí nítorí pé ní tiwa, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, ibi tí ìlànà bẹ́ẹ̀ kò sí gan-an ni ìṣòro tèmi sì ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Òmù-Àrán pé mo ti ríṣẹ́, inú wọn kò dùn rárá. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé ni mo ní kí o lọ kà àbí iṣẹ́ ni mo ní kí o lọ ṣe? Bí owó kò bá tó, ṣebí ó yẹ kí o wí fún mi." Mo mọ̀ pé bí mo bá wí fún wọn, wọn yóò wá a, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọn yóò ti wá a: wọn yóò lọ bẹ olórí àjọ kí ó jẹ́ kí àwọn kó àjọ ṣáájú àkókò, tàbí kí wọ́n lọ yá owó èlé. Ìparí ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba ti kéde pé kò ní sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, epo tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà sì lé ní 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó kòròpe tó ń gbé wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gòkè, ẹ̀wà gòkè, gàárì gòkè, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé nìkan ni kò kúrò níbi tó wà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dán an wò fún sáà kan.

Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún mi ní ilé-ìkàwé: láti aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, àti wákàtí mẹ́rin láàárọ̀ Sátidé. Kò sí èyí tó dí kíláàsì mi lọ́wọ́ nínú wọn, nítorí pé kí màmá tó jẹ́ ọ̀gá wa níbẹ̀ tó pín iṣẹ́, wọ́n ní kí oníkálukú mú táímù-tébù rẹ̀ wá, wọ́n sì gbé e síwájú bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wa síbi tó yẹ. Títí di òní, ohun tí mo fi ń dá ibi iṣẹ́ tó dára mọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ wa ni pé kí a kó ìwé tí àwọn ènìyàn ti kà tán kúrò lórí tábìlì, kí a sì dá a padà sí àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ní ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ bébà pélébé kan mọ́, tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí: S ni ti iṣẹ́ àgbẹ̀, K ni ti òfin, R ni ti ìṣègùn, abẹ́ PL sì ni àwọn ìwé lórí èdè Yorùbá àti ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà yòókù wà. Èyí kò le. Ibi tó ti le ni ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àmì bíńtín kan síwájú lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ .A4, tí èkejì jẹ́ .A35, èwo ló yẹ kó ṣáájú? Èmi ń fi .A4 ṣáájú, nítorí pé mẹ́rin kéré sí márùndínlógójì, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sì fi ń tò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, màmá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí àmì kékeré náà, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí lèyí?" Mo ní pọ́ìǹtì ni, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Nínú 0.4 àti 0.35, èwo ló kéré?" Wọn kò jágbe mọ́ mi, wọn kò sì pè mí ní olódo. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, gbogbo pẹpẹ tí mo ti fọwọ́ kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ kọjá wákàtí tèmi, nítorí pé ìwé tí kò bá sí ní àyè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n jí gbé: ẹni tó ń wá a kò ní rí i.

Ohun tí mo jẹ nínú iṣẹ́ náà kò hàn sí mi títí di ọdún tí a fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló ń fi fóònù wá ọ̀rọ̀ kiri, tí dátà wọn ń tán, tí olùkọ́ sì ń dá iṣẹ́ wọn padà pé wọn kò tọ́ka sí ìwé kan tó nípọn. Èmi mọ pẹpẹ tí wọ́n to iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ti lọ sí, mo mọ èyí tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ tí èmi ń kọ nípa rẹ̀ nínú wọn, mo sì mọ ẹni tí mo lè bi bí n kò bá rí i. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, màmá a ní kí a jókòó ka ìwé tiwa. Iná wà níbẹ̀, fáànù ń fẹ́, kò sí ariwo gẹnẹrétọ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú ilé tí mo háyà ní Gáà-Akanbí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kàwé lọ́pọ̀ òru. Nígbà tí mo ń wá ibi iṣẹ́, ìwé tí màmá kọ fún mi ni ìwé ìjẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní tí kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ olùkọ́, nítorí pé wọ́n mọ àsìkò tí mo ń dé iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé mo máa ń tún ohun tí mo bá bàjẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Irínwó náírà (400) ni wọ́n ń san fún wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ 16,000 náírà lóṣù. Mo ti yọ owó ọkọ̀ Sátidé kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí ti iṣẹ́, n kò ní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà: 600 náírà lálọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, 2,400 nìyẹn. Ohun tó kù mí lọ́wọ́ jẹ́ 13,600. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, owó yìí kò burú. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba ń san ṣì wà ní 30,000 náírà, bí ènìyàn bá sì pín in sí wákàtí ogóje ó lé ogún (160) tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, kò tó 200 náírà fún wákàtí kan. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba sọ ọ́ di 70,000, èyí tó lé ní 430 náírà fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n irínwó náírà tiwa kò sún. Títí tí mo fi kúrò, kò sún. Ìyẹn dùn mí, síbẹ̀ kì í ṣe òun ló dùn mí jù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, oṣù mẹ́rin ló kọjá tí a kò rí kọ́bọ̀. Mo lọ bi ilé-ìkàwé, wọ́n ní àwọn ti fi orúkọ wa ránṣẹ́. Mo lọ bi ọ́fíìsì akápò, wọ́n ní orúkọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọ́fíìsì kẹta ni a ti bá ìwé náà lórí tábìlì, tí wọn kò fọwọ́ kàn án, nítorí pé nọ́ńbà àkáùntì ẹnì kan ṣoṣo nínú wa dín ẹyọ kan. Àkáùntì báńkì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá, tirẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Wọn kò pe ẹni náà kí ó wá tún un ṣe, wọn kò sì yọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n sanwó àwa yòókù. Wọ́n kàn gbé ìwé sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá alátẹ tí mo ń ra gàárì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn ń kọ gbèsè mi sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi àtẹ. Wọn kò sọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí n má baà rí ojú wọn. Owó náà wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 64,000, lọ́sẹ̀ tí a parí ìdánwò. Ẹni tó bá rò pé owó tó pẹ́ kì í ṣe owó tó sọnù kò tíì fi ebi ṣe ìdánwò rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohun ìpamọ́ tí yóò máa jẹ títí ọ́fíìsì yóò fi wá nọ́ńbà kan tó dín.

Nígbà tí ọdún kejì wọlé, wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì fáìlì. Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ló wà, ọ̀gá nìkan ló sì ń lò ó. Èmi ń gbálẹ̀, mo ń gbé fáìlì láti yàrá kan dé òmíràn, mo ń lọ ra àmàlà àti píọ́ wọ́tà fún àwọn àgbà. Wọ́n tọ́ mi pé ẹni tí àgbà bá rán níṣẹ́ kì í kọ̀, n kò sì kọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù kọ́ nìyẹn, kò sì sí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé mo kọ́ níbẹ̀ fún odindi ọdún kan. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò béèrè táímù-tébù mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí a bá wà ní láàbù, fóònù mi a dún pé kí n wá gbé fáìlì kan tí wọ́n ń wá kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iṣẹ́ láàbù sílẹ̀ lọ. Máàkì iṣẹ́ láàbù méjèèjì ti lọ, nítorí pé wọn kì í tún un ṣe fún ẹnì kan, èsì kọ́ọ̀sì náà sì ni ó kéré jù nínú gbogbo èsì mi. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìkàwé, ó tó àkókò ìdánwò, màmá fúnra wọn ló ní kí a dín wákàtí wa kù, wọ́n sì jẹ́ kí a san án padà nígbà tí ìdánwò parí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, fọ́ọ̀mù kan náà, irínwó náírà kan náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní work-study ló ba ìwé òun jẹ́, mo máa ń bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fi í sí.

Àwọn kan á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kúkú wá iṣẹ́ níta. Mo ti wo ìyẹn náà. Ẹni tó bá gba Tánkẹ̀ kọjá yóò rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń jókòó ti POS láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ìṣirò kò bá bára mu ní ìparí ọjọ́, nínú owó wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kò sì sí ọ̀gá POS kan tó máa ti ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìdánwò. Ti àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ lágbègbè Táíwò kò yàtọ̀. Èyí tí mo rí pé ó sàn ju work-study lọ ní ti owó ni lẹ́sìnnì. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ ọmọ méjì ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé àwọn òbí wọn, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí oṣù bá sì ti parí, ìyá àwọn ọmọ a ka owó lé e lọ́wọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi mìíràn wá láti agbo ilé tí wọ́n ti ń hun òfì, ó sì ti mọ̀ ọ́n hun kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn onígbèéyàwó sì ń wá aṣọ, ohun tó ń rí lórí òfì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí mo ń rí ní oṣù púpọ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè pè é kúrò ní láàbù. Ọmọ Ìlọrin tó bá ti ní irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi í sílẹ̀ nítorí irínwó náírà.

Owó ẹ̀yáwó ìjọba tún ti dé sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, tí wọ́n sì ṣí ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Iye yìí ju tèmi lọ, kò sì gba wákàtí kankan lọ́wọ́ ẹni. Fún ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn òyìnbó tàbí kọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ láàbù rẹ̀ ń gbà á lọ́jọ́ gbogbo, mo rò pé ó sàn kí ó yá owó yẹn ju kí ó wá iṣẹ́ mọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa béèrè 13,600 tèmi padà lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní ọdún àkọ́kọ́, mo ní kí ó dúró ná, kí ó kọ́kọ́ mọ bí ìwé rẹ̀ ṣe le tó. Ẹni tó bá wà ní ọdún kejì sókè, tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, tí ilé kò sì lè fi kún owó rẹ̀, kí ó gba fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kí ó lọ síbi tí wọ́n fẹ́ fi í sí kó tó buwọ́ lù ú. Kí ó bi àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bóyá wọn yóò wo táímù-tébù rẹ̀ àti ohun tí yóò máa ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ owó sì ni kí ó má bi ọ̀gá: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe é lọ́dún tó kọjá ni kí ó bi nípa ọjọ́ tí owó wọn wọlé kẹ́yìn. Kí ó má sì gbà ju wákàtí mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀, kódà bí wọ́n bá fún un ní ogún. Ilé-ìkàwé, yàrá kọ̀ǹpútà, láàbù àti oko ni mo fara mọ́. Ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ, mo ní kí o yàgò fún un.

Àbúrò mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀fà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ní, "Àǹtí mi, yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n ti gba táímù-tébù mi. Àwọn tó ṣe é lọ́dún tó lọ ní owó máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lóṣooṣù." Mo bi í bóyá ó ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀. Ó ní òun ti tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀, òun sì ti wo nọ́ńbà àkáùntì òun lẹ́ẹ̀mejì nínú fọ́ọ̀mù, mẹ́wàá ló pé. Ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀.